Ọwọ́ Clémence Lórí Bàbà

"Ṣé ẹ ti gbọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́?"

"Ti ọmọ Ọ̀gá Vautrel. Ayàwòrán tó máa ń wá síbẹ̀ yẹn ni... nílé ọtí nírọ̀lẹ́ àná... ó ní ọwọ́ ọmọ náà lòun..."

"Ọwọ́ kẹ̀?"

"Ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́! Ó ní ọwọ́ rẹ̀ lòun fẹ́, pé... ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ jàre. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Màdáámù Roubaud, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí Ọ̀gá Vautrel ń gbé, ló sọ èyí fún afọṣọ. Afọṣọ fún aṣọ rẹ̀ tán, ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì: "Wọ́n ní ọwọ́ nìkan ló fẹ́ o. Ara tó kù..." Ìyá oníbúrẹ́dì ló bá a parí rẹ̀: "Òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń wá nìyẹn. Tó bá ti gbé e níyàwó tán, ta ni yóò tún..."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu ní òpópónà Saint-Jacques láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ tán, kò sì sí ẹni tó fi í sílẹ̀ láìfi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí yóò fi dé etí Clémence, ọmọ Ọ̀gá Vautrel fúnra rẹ̀, tó ń bọ̀ láti ìsọ̀ búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ náà ti hu eyín.

Kì bá tí dùn ún tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé láti ara ọwọ́ yẹn gan-an ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni, òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì sórí gbogbo Paris. Anselme Guérinot, ọmọ apẹja láti etí òkun Bretagne, gun àtẹ̀gùn lọ sí ilé ìtẹ̀wòrán Ọ̀gá Vautrel. Bàbà pẹlẹbẹ mẹ́ta ló dì mọ́ àyà. Ó ti bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀ wé wọn, òun fúnra rẹ̀ sì ti rin gbingbin. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀ láti lọ síwájú.

Obìnrin kan ló dúró níwájú fèrèsé, tó kẹ̀yìn sí i. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè sínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ òjò, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òrùka tuntun. Àtàǹpàkò rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìka tó tẹ̀ lé e dúdú bí aró, ìkẹta yẹ́lò bí inú ẹyin, ìkẹrin sì ní àwọ̀ ewé. Ọmọńdinrín nìkan ló mọ́. Òun náà ló fi ti irun kan kúrò lójú.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn," ó wí láìbojú wẹ̀yìn. "Bébà mi ń gbẹ."

Anselme ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti kí ènìyàn.

"Ṣé odi ni yín ni?"

"Rárá o... ẹ káàárọ̀."

"Ọ̀sán ti pọ́n."

"Ẹ káàsán nígbà náà."

Clémence yíjú padà. Ó rí ọkùnrin gíga kan tí omi ń ro tótó ní imú rẹ̀, tó gbé bàbà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Bàbá Barnabé pàápàá rẹ́rìn-ín, bàbá arúgbó tó ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ Kérésì.

Iṣẹ́ tí Anselme gbé wá kì í ṣe iṣẹ́ ọlẹ. Ìyá rẹ̀ ló yà, níbi tó jókòó létí òkun tó ń tún àwọ̀n ṣe, tòun ti ìborùn pupa lọ́rùn. Ó fi ìda bo bàbà, ó fi abẹ́rẹ́ ya ìyá náà sórí ìda, ó wá tẹ bàbà náà bọ inú omi kíkan tó ń jẹ ẹ́ níbikíbi tí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá. Bàbà mẹ́ta fún àwòrán kan: ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún aró. Bébà kan ṣoṣo ni yóò kọjá lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tó ṣì tutù. Ihò abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ni wọ́n fi ń mú bébà náà padà sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bó bá yẹ̀ bí ìbú fọ́nrán irun, ó ti bàjẹ́.

Clémence ló ń fi ìdì aṣọ kéékèèké kun íńkì sínú ojú ilà. Òun ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìyá ṣe ń nu ojú ọmọ tó ti sùn lọ. Ẹnikẹ́ni lè kun bàbà. Nínú àtinù rẹ̀ niṣẹ́ wà.

"Mo ti gbé e lọ sí ilé mẹ́ta," Anselme wí. "Gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́. Òkun wá dà bí ọbẹ̀ àná."

"Báwo lòkun ọ̀hún ṣe rí gan-an? Èmi ò rí òkun rí."

"Ẹ ò rí òkun rí?"

"Odò Seine ni mo mọ̀. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Mi ò jẹ́ fi yín ṣẹ̀sín. Kì í ṣe aró, kì í sì í ṣe ewé. Lẹ́yìn òjò, ó máa ń dà bí... bí inú ìkarahun."

Clémence po àwọ̀ aró díẹ̀ mọ́ dúdú, ó fi orí èékánná bu yẹ́lò sí i. Ó fi pa àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí i. "Báyìí?"

"Rárá."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n rárá."

Nígbà karùn-ún, Anselme sún mọ́ ọn. Ó kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà.

"Ó tún burú, àbí?"

"Ẹ̀bá ibẹ̀ yẹn nìyá mi máa ń jókòó sí," ó wí. Ìyá náà ti kú láti ọdún mẹ́rin.

Láti ọjọ́ yẹn ni òkun ìlú kan tí Clémence ò dé rí ti ń wọlé sí i lójú oorun.

Nígbà òtútù, wọ́n ti ń rìn papọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Lórí afárá kan, Anselme ra èso tí wọ́n ń sun nínú agolo oníhò, ó gbé e lé e lọ́wọ́ nínú bébà tó ń gbóná.

"O ò ní jẹ níbẹ̀ ni?" Clémence bi í. Ló bá fọwọ́ bo ẹnu. Láti oṣù kẹwàá, "ẹ" ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, bí àlejò.

"Tún un sọ."

"Kí ni mo sọ?"

"'O' yẹn."

"O ya wèrè."

"Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn, Ọlọ́wọ́ Òṣùmàrè. Mo ń kà á."

"Apẹja, jẹ èso rẹ kó má tutù." Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti pupa ju ìborùn inú àwòrán lọ.

Ọ̀gá Vautrel kì í ṣe ènìyàn líle, egbò kan ló wà lára rẹ̀ tí kò jinná. Ó ní àbúrò obìnrin kan rí, Honorine olóògbé, tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nídìí iṣẹ́ yìí ju ti gbogbo ọkùnrin òpópónà náà lọ. Ayàwòrán kan fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni kò ti sanwó ìtẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Honorine tẹ àwòrán ọkọ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, títí ìka rẹ̀ fi wọ́, tí kò lè di bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìka náà wọ́ tán, ọkọ ń lọ jẹun níta. Orúkọ ọkọ ló wà ní ẹsẹ̀ gbogbo àwòrán náà, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì funfun báláú. Wọn kì í kọ orúkọ atẹ̀wòrán síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Anselme dé fìlà tó sì wá tọrọ ọmọ, bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó ń nu awò ojú rẹ̀.

"Mo gbọ́," ó wí. "Ayàwòrán tó bá fẹ́ ọmọ atẹ̀wòrán, mi ò mọ èyí tó ń fẹ́, bóyá ọmọ ni àbí ẹ̀rọ. Jẹ́ kí àfihàn àwòrán ìgbà ìrúwé kọjá ná. Màá máa wò ọ́."

"Ẹ máa wò mí, Bàbá."

Clémence wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n àtìgbà náà ló ti ń wò ó, tòun ti bàbá rẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá ń sọ ní òpópónà ní oṣù kẹta, Màdáámù Roubaud gbọ́ ọ lóòótọ́. Ó lọ ra wáìnì, ó gbọ́ "ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́" lẹ́nu Anselme, ó gbé ìgò rẹ̀, ó sì jáde kí ìyókù tó wá. Bàbá Barnabé ló jókòó síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi parí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Bourgogne pé àbúrò rẹ̀ ṣubú nínú oko àjàrà, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kankan ń lọ lẹ́yìn òun. Kò sì mọ̀wé débi tí wọn ì bá fi kọ lẹ́tà sí i.

Ọjọ́rú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Clémence. Àfihàn ò ní gba àwòrán mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́fà ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Clémence gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó dojú kọ iṣẹ́. Bébà mẹ́wàá ti gba yẹ́lò, wọ́n sì ti gba aró. Pupa ló kù. Ó yọ wọ́n kúrò lábẹ́ aṣọ onírun tó tutù, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló ń gbọ́ lórí: ọwọ́ ló fẹ́, ọwọ́ ló fẹ́. Ó rí Àǹtí Honorine níwájú àwo ọbẹ̀, tó ń dúró de ẹni tí yóò mú ṣíbí.

Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró. Nígbà tó padà sí iṣẹ́, ó kun bàbà pupa, ó tẹ gbogbo bébà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó gbé èkíní sókè. Ìborùn ìyá náà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àlàfo funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín méjèèjì, bí ojú ọgbẹ́. Bébà tó bá gbẹ a máa sún kì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìtẹ̀ mọ èyí. Òun tí gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sí Anselme jẹ́ "bébà mi ń gbẹ" ló wá jẹ́ kí mẹ́wàá gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí Anselme wọlé lọ́sàn-án, Clémence ti fi aṣọ funfun wé ọwọ́ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Íńkì ni. Dókítà ní májèlé rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Ọwọ́ mi ò tún gbọ́dọ̀ kan bàbà mọ́ láyé."

Ojú Anselme kọjá lórí bébà mẹ́wàá tó bàjẹ́, kò dúró síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí."

Irọ́ kọ́ lèyí. Ibi tó ti ń dùn ún ni kò sọ.

"Àwọn bàbà rẹ ńkọ́?" Clémence ló bi í. "Àfihàn ńkọ́?"

"Bàbà kì í kú. Ṣé o ti jẹun?"

Lẹ́yìn tó lọ tán, Ọ̀gá Vautrel wo ọmọ rẹ̀ lókè awò ojú. "Dókítà wo?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dákẹ́."

Bàbá náà mi orí. "Mo gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ nísàlẹ̀. Dán an wò nígbà náà. Ẹni tó bá wá fún ọwọ́, tí kò bá ọwọ́, yóò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún un."

Ọjọ́ mẹ́ta pé, Anselme ò lọ. Ojoojúmọ́ lọ́sàn-án ló ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́: ìpara kan tí apoògùn ní ó dára fún awọ ara, wàràkàṣì díẹ̀, àlùbọ́sà. Ó ń se ọbẹ̀. Ó ń gé búrẹ́dì sí kéékèèké, ó ń fi bọ́tà pa á.

"La ẹnu."

"Èmi kì í ṣe ọmọ ẹyẹ."

"Ọmọ ẹyẹ gan-an ni ọ́. La ẹnu."

"Ìwọ ńkọ́? O ò tíì jẹ."

"Bí mo bá ń wò ọ́, ó ń yó mi."

"Irọ́ ńlá," Ọ̀gá Vautrel wí nínú àwo tirẹ̀. "Ó jẹ ìdajì wàràkàṣì nídìí ààrò. Mo rí i."

Ní ọjọ́ karùn-ún, Anselme gbìyànjú láti kun bàbà fúnra rẹ̀ ní igun kan. Wákàtí méjì ló lò. Ó jáde tòun ti imú aláró, ó gbé bébà sókè. Ọ̀gá Vautrel wò ó pẹ́.

"O ti pa òkun," ó wí.

Clémence rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí omi náà sì ti jáde, kò mọ bó ṣe máa dá a dúró.

Nǹkan kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Anselme bá ti lọ, ó ń tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń mú bébà tuntun, ó ń rin ín bọ omi, ó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ onírun kó lè tutù dọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì á tún un ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Aago méjìlá lù, Anselme wọlé tòun ti búrẹ́dì lábẹ́ abíyá.

"Òní ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn àfihàn," Ọ̀gá Vautrel wí. "Kí lo gbé lọ?"

"Mi ò gbé nǹkan kan lọ."

"Ọdún kan gbáko nìyẹn, ọmọ mi. Àwọn tó ń ra àwòrán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ènìyàn."

"Ọdún mìíràn ń bọ̀, Bàbá. Ẹ bá mi sún àwo yẹn, ọbẹ̀ ń tutù." Ó mú ọ̀bẹ, ó di búrẹ́dì mú.

Clémence dìde. "Gbé ọ̀bẹ sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí o gbé e sílẹ̀."

Ó fi eyín fa ìdí aṣọ náà. Ó ń tú u, ó ń tú u, títí gbogbo rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ méjì yọ, wọ́n mọ́ tónítóní. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ọwọ́ náà ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò sí ohun tó ṣe mí lọ́wọ́," ó wí. "Kò sí dókítà kankan."

Anselme wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú rẹ̀. Ó rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jáde. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Orí àtẹ̀gùn kẹta ni Clémence bá a, tó jókòó. Kò jókòó tì í. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fara ti ògiri.

"Wọ́n ní o sọ nílé ọtí pé ọwọ́ mi lo fẹ́."

"Mo sọ ọ́."

"Ṣé ìyẹn nìkan lo sọ?"

"Kò parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ìyókù fún ọ lónìí, yóò dà bí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro pọ̀. Bàbá Barnabé wà níbẹ̀. Tó bá dé, bi í."

"Mi ò ní dúró dè é."

Anselme yíjú padà.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án lo fi ń bọ́ mi," Clémence wí. "Àfihàn rẹ ń lọ, o ò bi mí léèrè bàbà rẹ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni mo tún fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi? Èmi ni mo jẹ̀bi. Dárí jì mí, apẹja. Tí o bá sì ń bínú, bínú, màá dúró síbí títí yóò fi tán."

Anselme fọwọ́ bojú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Clémence kúnlẹ̀ tì í. Ó rò pé ẹkún ni.

"Ọwọ́ méjì tó le koko!" Anselme wí láàárín ẹ̀rín. "Tí mo sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ fún un bí ọmọ ọwọ́!" Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò. "Mo bẹ̀rù o. Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ̀rù pé ó ń dùn ọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́."

"N kò tún jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Gbé ọ̀kan wá." Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ẹnu ko ọmọńdinrín.

"Ẹ̀yin méjèèjì!" Ọ̀gá Vautrel pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Bébà tútù wà lábẹ́ aṣọ onírun. Ẹ rò pé mi ò rí i ni? Alaalẹ́ ló ń rin ín bí ẹni ń bomi rin òdòdó!"

Ilé náà gbóná. Bàbá bọ́ kóòtù, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì. Níwọ̀n bí Bàbá Barnabé ò ti sí nílé, òun àti Anselme ló jọ ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀kan ń mí bí ẹṣin, èkejì ń kígbe pé, "Rọra! Rọra, apẹja! Ìdákọ̀ró kọ́ lò ń fà!" Clémence ò gbọ́ wọn. Ó ń kun, ó ń nu. Yẹ́lò kọjá. Ó fi abẹ́rẹ́ mú ihò méjèèjì, ó sọ bébà kalẹ̀, aró kọjá. Òkun yọ. Lẹ́yìn náà ló kun pupa, ó di èémí mú, ó sọ bébà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà tó ṣí i, ìborùn náà wà lọ́rùn ìyá, ó so mọ́ ọn gírígírí, bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí.

Anselme mú pẹ́ńsù. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó wá gbé ọwọ́ kọjá sí òsì, sí ibi tó máa ń funfun, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete: *Clémence Vautrel ló tẹ̀ ẹ́.*

"Wọn kì í kọ ọ́ síbẹ̀," bàbá náà wí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ọ̀gá Vautrel yọ awò ojú, ó ń nu ún, ó ń nu ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí. "Ọdún mọ́kànlélógún," ó wí fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jágbe: "Kí lẹ tún ń wò? Ẹ sáré!"

Wọ́n gbé àwòrán náà sáàárín pákó méjì, wọ́n sáré kọjá afárá, Clémence láìdé fìlà, gbogbo ìka rẹ̀ aláwọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ òmíràn, ó sì jáde bí èkíní. Anselme kọ "Ó dára, ẹ máa tẹ̀ ẹ́" sí i lẹ́sẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó gbé e fún bàbá. Àṣà iṣẹ́ náà nìyẹn: èyí tí ayàwòrán bá kọ ó dára sí, ti atẹ̀wòrán ni títí ayé.

Ọ̀gá Vautrel gbé e sún mọ́ fèrèsé. "Ó dára lóòótọ́. Kí lo fẹ́ gbà dípò rẹ̀?"

"Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ̀?"

"Bàbá!" Clémence kígbe.

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò tíì yọ nílé náà látìgbà tí Honorine ti kú. "Mú un," ó wí. "Mú ọwọ́, kí o mú ẹni tó ni ín."

Oṣù kẹfà ni wọ́n ṣègbéyàwó, ní gbọ̀ngàn ìlú láàárọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn náà. Inú ilé ìtẹ̀ ni wọ́n ti jẹun. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tí Clémence ti ń kun bàbà, fèrèsé ṣí sílẹ̀, adìyẹ sísè wà níbẹ̀, wàràkàṣì wà níbẹ̀. Wọ́n pe Màdáámù Roubaud náà. Ó jókòó gbọn-in, ó wọ fìlà olódòdó.

Wọ́n ti ń jẹun nígbà tí Bàbá Barnabé dé láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, eruku Bourgogne lára bàtà rẹ̀, àgbá wáìnì kékeré léjìká. Ara àbúrò rẹ̀ ti yá. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò sì tíì sọ fún un.

"Màdáámù Roubaud," Ọ̀gá Vautrel wí, tó ń bu wáìnì fún obìnrin náà, "ẹ̀yin lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ já adìyẹ yìí gbà lẹ́nu wa."

"Èmi?" Obìnrin náà di àyà mú. "Mo sọ ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́! Ó wí i. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ lòun fẹ́. Kó sọ pé òun ò wí i!"

"Mo wí i, màdáámù," Anselme wí. Ó ń gé búrẹ́dì lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹ gbọ́ bí?"

Bàbá Barnabé gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Ó nu ẹnu. Ènìyàn tí kì í sọ̀rọ̀, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo tábìlì ló ń dákẹ́ fún un.

"Ẹ gbọ́ ọ, màdáámù, ẹ sì gbé ìgò yín lọ," ó wí. "Èmi jókòó. Ọkùnrin kan tó ń ta àwòrán ló bi í, tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Sọ òótọ́ fún wa, ṣé ọmọ náà lo fẹ́ ni, àbí ọwọ́ rẹ̀?' Ọmọ yìí sọ ife rẹ̀ kalẹ̀. Ohun tó sọ nìyí, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Ó ní: 'Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́, torí òun ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín rẹ̀, ìyókù ni mi ò tíì rí tán. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà bá kọ iṣẹ́ lọ́la, tí kò kan íńkì mọ́ láéláé, ẹ wá wò mí nídìí tábìlì rẹ̀ lọ́sàn-án. Èmi ni màá máa gé búrẹ́dì fún un.'"